Yìnyín ni ó ń wù mí jẹ, ìmọ̀ràn ẹbí sì ti pọ̀ jù fún mi

Aboyún Àkọ́bí:

Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin ìyá àti ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Oyún àkọ́kọ́ tí mo ní pé ọ̀sẹ̀ 22 ní ọ̀sẹ̀ yìí, mo sì fẹ́ kí ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ kan tí kò jẹ́ kí n sùn dáadáa mọ́. Ó ti tó oṣù kan ààbọ̀ tí yìnyín ti ń wù mí jẹ ju oúnjẹ yòówù lọ. Kì í ṣe omi tútù ni mò ń wí, yìnyín gan-an ni, èyí tí eyín lè rún. Bí mo bá jí lóru, ìdí fíríìjì ni ẹsẹ̀ mi ń gbà lọ. Mo máa ń fi aṣọ wé àwo yìnyín náà kí ìró rẹ̀ má baà jí ọkọ mi, mo máa ń dúró sínú òkùnkùn, mo sì máa ń rún un títí ahọ́n mi yóò fi kú. Ìtura tí ó ń bá mi nígbà náà kò ṣeé fẹnu sọ. Lẹ́yìn yìnyín, kọfí ló kù. Kí n tó lóyún, ife kan ń tó mi lóòjọ́, ṣùgbọ́n ní báyìí ife mẹ́ta ni mò ń mu, ó sì ń di mẹ́rin ní ọjọ́ mìíràn, nítorí pé ó ń rẹ̀ mí láti òwúrọ̀ títí di alẹ́.

Ìyá ọkọ mi wà lọ́dọ̀ wa láti bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Wọ́n ní yìnyín yóò jẹ́ kí òtútù wọ ọmọ lára nínú ikùn, pé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ yóò máa wúkọ́ láti ọjọ́ tí a bá ti bí i. Ìyá tí ó bí mi lọ́mọ sọ lórí fóònù pé n kò gbọdọ̀ fi ohun tí ó bá wù mí du ara mi, nítorí pé ohun tí aláboyún bá fẹ́ jẹ tí kò rí jẹ máa ń yọ ní àmì sí ara ọmọ. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin ní kí n máa jẹun ènìyàn méjì, kí n sì máa mu ọtí díẹ̀ lálẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ mi lè pọ̀. Ọkọ mi kò fẹ́ ṣẹ ẹnikẹ́ni nínú wọn, nítorí náà ó dákẹ́.

Ní ọjọ́ Àìkú tó kọjá, ìyá ọkọ mi ṣí fíríìjì lójú mi, wọ́n sì da gbogbo yìnyín inú rẹ̀ nù. N kò sọ ohunkóhun. Mo wọ yàrá, mo sì sunkún títí ojú mi fi wú. Ọmọ márùn-ún ni wọ́n bí, mo mọ̀ pé wọ́n fẹ́ràn mi, n kò sì fẹ́ ṣàfojúdi sí wọn. Ẹ jọ̀wọ́, ṣé yìnyín léwu fún ọmọ ni? Kọfí ńkọ́? Báwo ni mo sì ṣe lè dá ìyá lóhùn láìjẹ́ pé ilé dàrú?

Agbẹ̀bí:

Ẹ kú ewu, ìyá wa. Ẹ ṣeun tí ẹ kò fi ọ̀rọ̀ yìnyín náà pamọ́ fún wa, nítorí pé ibẹ̀ gan-an ni èmi fẹ́ ti bẹ̀rẹ̀.

Yìnyín kò lè mú kí òtútù mú ọmọ inú yín. Ohun tí ẹ bá gbé mì ti máa ń móoru kí ó tó rìn jìnnà nínú ara, ọmọ kò sì sí ní ibi tí oúnjẹ ń lọ. Inú ilé-ọmọ ni ó wà, nínú omi tí ìgbóná rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti ara yín. Bí omi tí ẹ fi ṣe yìnyín náà bá mọ́, eyín yín nìkan ni mo ń bẹ̀rù fún, nítorí pé rírún yìnyín lójoojúmọ́ lè la eyín.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n bi yín ní ìbéèrè díẹ̀. Ìgbà wo ni wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò kẹ́yìn? Bí ẹ bá gun àtẹ̀gùn díẹ̀, ṣé èémí yín máa ń já? Ṣé àyà yín máa ń lù kìkì nígbà tí ẹ kò ṣe iṣẹ́ agbára kankan? Ẹ dúró síwájú dígí ní ojúmọmọ, kí ẹ fa ìpéǹpéjú ìsàlẹ̀ wálẹ̀ díẹ̀, kí ẹ wo inú rẹ̀: ṣé ó pọ́n, tàbí ó ti funfun? Mo ń béèrè nítorí pé tí yìnyín bá ń wu ènìyàn jẹ bí ẹ ṣe ṣàlàyé rẹ̀ yìí, tí ó ń jí i lóru, àìtó irin, èròjà inú oúnjẹ tí ara fi ń ṣe ẹ̀jẹ̀, ni ó máa ń fa irú rẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà. Bákan náà ni ó rí fún àwọn tí amọ̀, ẹfun, eérú tàbí ọṣẹ ń wù jẹ. Tiwọn tilẹ̀ léwu ju tiyín lọ, nítorí pé amọ̀ lè ní òjé àti ẹyin aràn nínú, ó sì máa ń di irin inú oúnjẹ mú kí ara má rí i lò. Nígbà tí a bá fún irú aláboyún bẹ́ẹ̀ ní irin tí ó tó, ìfẹ́ yìnyín náà sábà máa ń lọ fúnra rẹ̀, nígbà mìíràn kí ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tó gòkè padà rárá.

Nínú oyún, omi inú ẹ̀jẹ̀ máa ń pọ̀ sí i ju èròjà pupa rẹ̀ lọ, ọmọ pẹ̀lú sì ń gba irin tirẹ̀ lára ìyá rẹ̀, ìdí nìyẹn tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi ní kí aláboyún máa lo irin mílígíráàmù 30 sí 60 lójúmọ́ pẹ̀lú fólíìkì ásíìdì. Ní irú àkókò tí ẹ wà yìí, ìyẹn àárín oyún, bí ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ (ìyẹn hẹmoglóbìn, èròjà pupa inú rẹ̀, tí a ń fi gíráàmù nínú dẹ̀sílítà kan wọ̀n) bá lọ sílẹ̀ ju 10.5 lọ, a ó sọ pé ẹ̀jẹ̀ kò tó. Ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ àti oṣù mẹ́ta ìkẹyìn, 11 ni ààlà rẹ̀. Ẹ má dúró de ọjọ́ tí wọ́n dá fún yín. Ẹ lọ ní ọ̀sẹ̀ yìí, kí ẹ sì sọ fún wọn ní tààrà pé yìnyín ni ó ń wù yín jẹ, nítorí pé púpọ̀ nínú wa kò ní béèrè bí ẹ kò bá sọ ọ́.

Ó wá ku kọfí. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ní Amẹ́ríkà, kaféènì, èròjà inú kọfí tí ó ń lé oorun, mílígíráàmù 200 lóòjọ́ ni wọ́n ní kí aláboyún má ṣe kọjá. Ife ńlá kan kọfí oníyẹ̀fun tí a kàn ń pò mọ́ omi gbígbóná ní bí 100 nínú, èyí tí a sẹ́ ní bí 140, tíì ní bí 75, agolo ọtí ẹlẹ́rìndòdò kóólà kan sì ní bí 40. Ẹ óò rí i pé ife mẹ́ta ti ré kọjá ààlà náà, ká má tíì sọ mẹ́rin. Bí oyún ṣe ń dàgbà ni ara ń pẹ́ sí i kí ó tó lè mú kaféènì kúrò. Èyí tí ó ń gba nǹkan bí wákàtí márùn-ún kí ó tó dín sí ìdajì lára ẹni tí kò lóyún lè gba wákàtí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ní ìparí oyún. Ó ń gba inú ibi ọmọ kọjá, ọmọ kò sì ní agbára àtimú un kúrò. Bí ó bá pọ̀ jù, ọmọ lè má wúwo tó nígbà tí a bá bí i.

Ohun tí ó sì dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ yín ni pé kọfí àti tíì tí a bá mu mọ́ oúnjẹ máa ń dènà irin inú oúnjẹ náà kí ó má wọ ara. Ó ń rẹ̀ yín, ẹ ń mu kọfí kí àárẹ̀ lè lọ, kọfí náà sì ń ti ilẹ̀kùn mọ́ ohun tí ì bá lé àárẹ̀ ọ̀hún lọ. Ẹ má ṣe dá a dúró lójijì, kí orí fífọ́ má baà gbé yín dè. Ẹ dín ife kan kù lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta mẹ́ta títí yóò fi ku ẹyọ kan, kí ẹ sì jẹ́ kí wákàtí méjì wà láàárín òun àti oúnjẹ.

Ní ti ọtí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tọ́ ọ wò. Ọtí kì í fi ẹ̀jẹ̀ kún ẹ̀jẹ̀. Láti ọdún 1973 tí àwọn dókítà méjì ní Amẹ́ríkà ti fún ìpalára tí ọtí ń ṣe fún ọmọ inú oyún ní orúkọ, kò tíì sí ìwọ̀n kankan tí ẹnikẹ́ni lè fọwọ́ sọ̀yà pé kò ní pa ọmọ lára.

Ìyá Ọlọ́mọ Mẹ́rin:

Ọmọ mi, mo ka ọ̀rọ̀ rẹ, mo sì tún un kà. Agbẹ̀bí ti sọ ti ara fún ọ, jẹ́ kí èmi sọ ti ilé, nítorí pé èmi náà ti di ìyá ọkọ báyìí, mo sì rántí ìgbà tí mo jẹ́ ìyàwó.

Nígbà tí mo lóyún àkọ́bí mi, amọ̀ ni mò ń jẹ. Mo máa ń fi í sínú àpò aṣọ iṣẹ́ mi, tí mo bá ti wà ní èmi nìkan, màá ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, màá fi ìka fọ́ ọ kéékèèké, màá sì fi há ẹ̀rẹ̀kẹ́ títí yóò fi yọ́. Ní ọjọ́ tí wọ́n rí ìyẹ̀fun rẹ̀ lára aṣọ mi, wọ́n pè mí ní ọ̀jẹun òbu lójú àwọn àlejò. Láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ bí a ṣe ń fi nǹkan pamọ́, n kò sì sọ ọ́ fún dókítà kankan. Ẹ̀jẹ̀ mi kò tó nígbà tí mo dé orí ìkúnlẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíràn ni wọ́n fà sí mi lára kí n tó lè dìde jókòó. Ìtìjú ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí, kì í ṣe amọ̀ nìkan. Nítorí náà, bí o ṣe ń dúró nínú òkùnkùn yẹn ni mo fẹ́ kí o kọ́kọ́ fi sílẹ̀. Bí yìnyín bá wù ọ́, tan iná, kí o sì jẹ ẹ́ níbi tí ọkọ rẹ ti ń wò ọ́.

Ní ti ìyá ọkọ rẹ, má ṣe gbé ọ̀rọ̀ tí o kà níbí lọ kà sí wọn létí bí ẹni ń ka ìwé ẹ̀sùn. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Obìnrin tí ó da yìnyín nù yẹn, ẹ̀rù ni ó ń bà á, ẹ̀rù náà sì ní ibi tí ó ti wá. Wá àkókò tí inú wọn dùn, kúnlẹ̀, kí o sì sọ fún wọn pé, "Màmá, ó ń rẹ̀ mí gan-an, mo fẹ́ lọ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, ẹ jọ̀wọ́ ẹ bá mi lọ." Bí wọ́n bá jókòó níwájú agbẹ̀bí tí wọ́n fi etí ara wọn gbọ́ ọ, kì í ṣe ìwọ ni ó já wọn ní koro. Bí ẹ bá wà lọ́nà, bi wọ́n léèrè bí wọ́n ṣe lóyún ọkọ rẹ àti bí wọ́n ṣe bí i. Kò sí ìyá tí irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ kì í tù lára, ìwọ náà á sì rí nǹkan gbọ́ níbẹ̀ tí yóò wúlò fún ọ.

Bàbá Ọmọ Méjì:

Ọ̀rọ̀ kan ni mo ní fún ọkọ yín, ẹ jọ̀wọ́ ẹ fi hàn án. Nígbà tí ìyàwó mi lóyún ọmọ wa kejì, ohun mímu aládùn tí ó tutù ni ó máa ń fẹ́, èmi ni mo sì ń rà á. Ìgò méjì, ìgò mẹ́ta lóòjọ́. Mo rò pé ìfẹ́ nìyẹn. Nígbà tí wọ́n ṣe àyẹ̀wò ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, èyí tí wọ́n máa ń ṣe láàárín ọ̀sẹ̀ 24 sí 28, ó ti ga ju bí ó ti yẹ lọ. N kò sọ pé ohun mímu náà nìkan ni ó fà á, nítorí pé oyún fúnra rẹ̀ máa ń mú kí ara nira láti lo ṣúgà, ṣùgbọ́n òùngbẹ tí ó ń gbẹ ẹ́ ní àgbẹjù, àti bí ó ṣe ń tọ̀ ní gbogbo òru, ó yẹ kí n ti sọ fún dókítà dípò kí n máa sáré lọ ra ìgò mìíràn. Àyẹ̀wò yẹn ti sún mọ́ yín, ẹ má ṣe jẹ́ kí ó fò yín.

Ìyá mi náà wà lọ́dọ̀ wa nígbà náà, wọ́n sì ń fi dandan lé e pé kí ìyàwó mi máa jẹun ènìyàn méjì. Mo dákẹ́ bí ọkọ yín ṣe dákẹ́ yìí. Ìgbà tí ìyàwó mi bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun kí ìyá mi má baà bínú, tí ó tún ń lọ bì í ní ìkọ̀kọ̀, ni mo tó mọ̀ pé ìdákẹ́jẹ́ mi ti gbè sẹ́yìn ẹnìkan. Ìyá ẹni ni ó rọrùn jù fún ẹni láti bá sọ̀rọ̀ nínú ilé. Ohun tí ọmọ ọkùnrin bá fi ọ̀wọ̀ sọ fún ìyá rẹ̀ nínú yàrá kì í dun ìyá tó èyí tí ìyàwó bá sọ nínú pálọ̀.

Olùkọ́ Nípa Oúnjẹ:

Mo fẹ́ fi díẹ̀ kún un. Ìgbàgbọ́ pé ohun tí aláboyún kò rí jẹ máa ń yọ ní àmì lára ọmọ wà láàárín ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹ̀yà káàkiri ayé, ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ tàbí àwọ̀ ara tí ó kó jọ sójú kan ni ó ń di àmì. Síbẹ̀, màmá yín kò jìnnà sí òtítọ́ mìíràn, pé oúnjẹ ìyá ń dé ọ̀dọ̀ ọmọ ní ọ̀nà tí a kò fojú sí. Ní ọdún 2001, onímọ̀ ìwádìí kan, Julie Mennella, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Philadelphia ní Amẹ́ríkà kọ̀wé nípa àwọn aláboyún tí wọ́n ní kí wọ́n máa mu omi kárọ́ọ̀tì fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ní ìparí oyún. Nígbà tí àwọn ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun, ojú wọn kò fi bẹ́ẹ̀ fà ro sí oúnjẹ tí ó ní adùn kárọ́ọ̀tì nínú bíi ti àwọn ọmọ mìíràn. Adùn ohun tí ìyá ń jẹ máa ń wọ inú omi tí ó yí ọmọ ká. Ẹ sọ èyí fún màmá yín, inú wọn yóò dùn.

Ní ti jíjẹun ènìyàn méjì, ara kò nílò àfikún rárá ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, èyí tí ó sì nílò lẹ́yìn náà kò ju ìpápánu kan tàbí méjì lóòjọ́ lọ.

Bí ẹ̀jẹ̀ yín bá wá kéré lóòótọ́, mo mọ̀ pé ẹnìkan nínú ẹbí yóò gbé ẹ̀dọ̀ ẹran wá kí ó tó di ọjọ́ kejì. Ẹ fi ọgbọ́n gbà á. Ẹ̀dọ̀ ní irin lóòótọ́, ṣùgbọ́n irú fítámì A tí ó wà nínú rẹ̀ pọ̀ débi pé àpọ̀jù rẹ̀ lè pa ọmọ inú lára, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń sọ fún àwọn aláboyún ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pé kí wọ́n yàgò fún un. Ẹran pupa tí ó jinná dénú, ẹ̀wà, àti ẹ̀fọ́ tí a jẹ pẹ̀lú èso ọsàn yóò ṣe iṣẹ́ náà láìsí ewu.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi àwọn àgbà ṣe ẹlẹ́yà nítorí pé ìmọ̀ràn wọn yí padà. Àwọn oníṣègùn pẹ̀lú ń yí tiwọn padà. Ní ọdún 1998, ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sọ fún àwọn aláboyún tí ara ẹnìkan nínú ìdílé wọn máa ń kọ nǹkan pé ó lè dára kí wọ́n yẹra fún ẹ̀pà, nígbà tí ó di ọdún 2009, wọ́n sọ pé kí aláboyún máa jẹ ẹ̀pà bí ó bá wù ú, àfi bí ara òun fúnra rẹ̀ bá kọ ọ́.

Aboyún Àkọ́bí:

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Mo ṣe bí ìyá ti wí, mo kúnlẹ̀, mo sì bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n bá mi lọ. Ọkọ mi ti bá wọn sọ̀rọ̀ ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, nítorí náà wọ́n ti wọṣọ kí n tó jí. Ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ mi jẹ́ 9.1. Nọ́ọ̀sì náà bi mí bóyá nǹkan kan wà tí kì í ṣe oúnjẹ tí ó ń wù mí jẹ, mo sì sọ ti yìnyín. Ìyá ọkọ mi yí ojú sí mi, wọ́n sì bèèrè lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì pé, "Ṣé àìsàn ni?"

Nígbà tí à ń bọ̀ nílé, wọ́n sọ fún mi pé lẹ́yìn tí wọ́n bí ọmọ wọn kejì, ẹ̀jẹ̀ dà lára wọn débi pé wọn kò mọ ẹni tí ó gbé wọn, àwọn ènìyàn sì sọ pé omi tútù tí wọ́n ń mu nínú oyún ni ó fà á. Ogójì ọdún ó lé ni wọ́n fi gbà pé ẹ̀bi àwọn ni. Kò sí ẹni tí ó sọ ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ wọn fún wọn rí. Ní alẹ́ ọjọ́ yẹn, mo gbọ́ ìró nínú ilé ìdáná. Wọ́n ti se omi, wọ́n ti jẹ́ kí ó tutù, wọ́n sì ń fi ṣíbí bù ú sínú àwo yìnyín ní ojú kọ̀ọ̀kan.

Ohun kan ló kù tí ó ń bà wá lẹ́rù, èmi àti Màmá. Láti ọjọ́ kẹta tí mo ti bẹ̀rẹ̀ oògùn ẹ̀jẹ̀ náà ni ìgbẹ́ mi ti dúdú bí èédú, ó sì le. Ṣé kí n dá a dúró ni?

Agbẹ̀bí:

Ẹ kú oríire, ẹ bá mi kí Màmá púpọ̀. Ẹ má dá a dúró. Irin tí ara kò gbà ni ó ń pa ìgbẹ́ dà sí dúdú, kì í ṣe ẹ̀jẹ̀. Bí ó bá ń yọ̀ bí ọ̀dà tí òórùn rẹ̀ sì burú, tàbí bí inú bá ń ta yín gidigidi, ẹ padà lọ rí wọn lọ́jọ́ náà gan-an. Fún líle tí ó le, ẹ máa mu omi dáadáa, kí ẹ máa jẹ ẹ̀fọ́ àti èso, bí kò bá sì rọ̀, ẹ sọ fún wọn kí wọ́n yí oògùn náà tàbí ìwọ̀n rẹ̀ padà.

Ẹ máa lò ó kí ẹ tó jẹun, pẹ̀lú omi ọsàn. Ẹ má fi wàrà, tíì tàbí kọfí gbé e mì, ẹ má sì lò ó ní àkókò kan náà pẹ̀lú oògùn kálísíọ́ọ̀mù bí wọ́n bá fún yín. Bí ó bá ń rìn yín nínú, ẹ lè lò ó lẹ́yìn oúnjẹ díẹ̀, ó sàn ju kí ẹ má lò ó lọ. Ẹ gbé e sí òkè tí ọwọ́ ọmọ àlejò kankan kò lè tó, nítorí pé oògùn irin tí ọmọdé bá gbé mì lè pa á. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta, ẹ ní kí wọ́n tún ẹ̀jẹ̀ náà yẹ̀ wò. Ó yẹ kí ó ti máa gòkè nígbà náà, bí kò bá sì gòkè, wọ́n lè fún yín ní irin láti inú iṣan. Bí ẹ̀jẹ̀ bá wá padà sípò, ẹ má tíì jù ú sílẹ̀, ẹ ṣì máa lò ó fún oṣù mẹ́ta sí i, ó kéré tán títí di ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lẹ́yìn ìbímọ.